Lọ́jíìkì, Kíka Ọ̀nà àti Ìṣeéṣe: Kí Ló Pa Wọ́n Pọ̀, Ibo Ló sì Ti Ń Dàrú?

"Dókítà ní ọ̀kan nínú mẹ́rin ni. A ti bí mẹ́ta, kò sí èyí tó ní in nínú wọn. Ẹ̀kẹrin yìí gan-an ló wá ń bà wá lẹ́rù." Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n ń sọ, ọ̀rọ̀ báyìí kò sì ṣàjèjì lẹ́nu tọkọtaya tí genotype àwọn méjèèjì jẹ́ AS. Ẹlòmíràn á gbé tirẹ̀ gba ọ̀nà kejì: "Àkọ́bí wa ló ní in, ti àwọn tó kù ti bọ́ nìyẹn." Kò sí èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì. Ibi tí wọ́n ti ṣìnà náà ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ní yunifásítì ti ń ṣìnà nígbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ lọ́jíìkì, kíka ọ̀nà (permutation àti combination), pẹ̀lú ìṣeéṣe tí ìwé wọn ń pè ní probability.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ló kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo fún àwọn tí kì í ṣe ìṣirò ni wọ́n wá kọ́. Lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, inú GST, àwọn kọ́ọ̀sì General Studies tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe, ni lọ́jíìkì sábà máa ń wà, tí kíka ọ̀nà àti ìṣeéṣe á wà lọ́dọ̀ ẹ̀ka ìṣirò tàbí ti statistics. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá rò pé ohun mẹ́ta tí kò mọ ara wọn rí ni. Lójú tèmi, ìpínyà yẹn ń dá kún wàhálà wọn. Ìbéèrè kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bi wá: kí ni a ń sọ gan-an, inú kí ni a sì ti ń kà á? Ẹni tó bá ti sáré mú fọ́múlà kó tó dáhùn ìbéèrè yẹn, fọ́múlà náà kò lè gbà á.

Ọ̀rọ̀ genotype ni màá fi gbé púpọ̀ nínú àlàyé yìí, nítorí ó kàn wá, ìṣirò rẹ̀ kò sì le. Lẹ́tà méjì ni olúkúlùkù wa ń gbé káàkiri. Ọmọ máa ń gba ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá, á gba ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá. Ẹni tó ní SS ló ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹni tó ní AS ń gbé S káàkiri, àmọ́ àrùn náà kò ṣe é. Lẹ́tà C náà wà láàárín wa, SC sì jẹ́ ọ̀kan nínú irú àrùn yìí, nítorí náà kí ẹni tó jẹ́ AC má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Níbí, A àti S nìkan ni màá lò kí ọ̀nà má bàa gùn jù.

Gbólóhùn "bí ... bá ..." kò ṣeé yí bó ṣe wù wá

Ẹ wo gbólóhùn yìí: bí ọmọ bá jẹ́ SS, bàbá àti ìyá rẹ̀ ní S lára. Òótọ́ ni, nítorí S kan ti wá láti ọ̀dọ̀ bàbá, ìkejì láti ọ̀dọ̀ ìyá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa gbọ́ gbólóhùn yìí, tí wọ́n á sì mú òmíràn lọ sílé: bí bàbá àti ìyá bá ní S lára, ọmọ wọn máa jẹ́ SS. Èyí kì í ṣe ohun tí a sọ. Wọ́n ti gbé ìdí rẹ̀ wá sí orí, èyí tí àwọn olùkọ́ ń pè ní converse. AS méjì lè bí AA, wọ́n lè bí AS, wọ́n sì lè bí SS. Àwọn kan á tún sọ ọ́ báyìí: bí ọmọ kò bá jẹ́ SS, bàbá àti ìyá rẹ̀ kò ní S lára. Ìyẹn ni inverse, òun náà kò sì jẹ́ òótọ́. Ilé tí wọ́n ti bí ọmọ mẹ́rin tí ara gbogbo wọn le koko lè jẹ́ ilé tí bàbá àti ìyá ti jẹ́ AS.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà tí a lè gbà yí gbólóhùn náà padà tí òótọ́ inú rẹ̀ kò ní sọnù. Ẹ gbé ìdí wá sí orí, kí ẹ sì fi "kò" sí ara méjèèjì: bí bàbá àti ìyá kò bá jọ ní S lára, ọmọ wọn kò lè jẹ́ SS. Contrapositive lorúkọ rẹ̀. Lórí rẹ̀ ni ìmọ̀ràn tí àwọn ilé ìwòsàn àti ilé ìjọsìn ń fún àwọn àfẹ́sọ́nà dúró. Tí ẹnì kan bá jẹ́ AA, ó lè fẹ́ AS, ó tilẹ̀ lè fẹ́ SS, láìbẹ̀rù pé wọ́n á bí ọmọ SS.

Ẹ kíyè sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí "kò" wọ inú "bàbá àti ìyá ní S lára". Kò di "bàbá kò ní, ìyá náà kò sì ní". Ó di "ó kéré tán, ẹnì kan nínú wọn kò ní". "Àti" ti yí padà di "tàbí". Òfin De Morgan lèyí, a sọ ọ́ lórúkọ Augustus De Morgan, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bákan náà ni ti "gbogbo". Bí ẹnì kan bá sọ pé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì yìí ló yege, akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo tó gba F ti tó láti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ di irọ́. Kò dìgbà tí gbogbo wọn bá fìdí rẹmi. Ẹ fi gbólóhùn "ó kéré tán, ẹyọ kan" yìí sọ́kàn, a ó pàdé rẹ̀ níwájú.

Ohun tó máa ń bí akẹ́kọ̀ọ́ nínú jù nínú lọ́jíìkì ni àtẹ òótọ́ àti irọ́ (truth table), pàápàá ìlà ibi tí apá àkọ́kọ́ ti jẹ́ irọ́ tí wọ́n sì ní odidi gbólóhùn náà jẹ́ òótọ́. Báwo nìyẹn ṣe jẹ́? Ẹ jẹ́ ká gbà pé bàbá kan sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Bí o bá gba A nínú ìṣirò, màá ra fóònù fún ọ." Ìgbà wo la lè pe bàbá yìí ní òpùrọ́? Ìgbà kan péré ni: bí ọmọ bá gba A, tí bàbá kò sì ra fóònù. Bí ọmọ bá gba C tí bàbá kò ra nǹkan kan, bàbá kò yẹ àdéhùn. Bí ọmọ bá gba C tí àánú sì ṣe bàbá tó ra fóònù náà, kò yẹ àdéhùn síbẹ̀, nítorí kò ṣèlérí ohunkóhun nípa C. Gbogbo ohun tí ìlà yẹn ń sọ kò ju pé a kò rí irọ́ kà sí i lọ́rùn. Ẹni tó bá ti lóye bàbá yìí kò nílò láti há àtẹ náà sórí mọ́.

Nípa "tàbí", ọ̀rọ̀ kúkúrú ló wà níbẹ̀. Nígbà tí a bá ní "àmàlà tàbí iyán", ọ̀kan là ń retí kí ẹni náà mú. Nínú lọ́jíìkì, tí méjèèjì bá jọ ṣẹlẹ̀, "tàbí" ṣì jẹ́ òótọ́. Nígbà tí ìdánwò bá bèèrè "A tàbí B", ẹ má yọ ibi tí méjèèjì ti pàdé sọnù, ẹ má sì kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Kíka ọ̀nà láìka ìka ọwọ́

Òfin méjì péré ló wà ní ìsàlẹ̀ gbogbo kíka tí wọ́n ń kọ́ yín. Bí iṣẹ́ kan bá ní ìpele tó tẹ̀ léra, tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe ti àkọ́kọ́ àti ti èkejì, ẹ sọ iye ọ̀nà wọn di ìlọ́po. Bí ó bá jẹ́ pé èyí tàbí èyí ni ẹ máa ṣe, tí méjèèjì kò lè pàdé, ẹ rò wọ́n pọ̀. "Àti" àti "tàbí" inú lọ́jíìkì náà ló tún dé yìí.

PIN káàdì ATM jẹ́ nọ́mbà mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè jẹ́ 0 títí dé 9. Iye PIN tó lè wà ni 10 × 10 × 10 × 10, èyí tí í ṣe 10,000. Bí nọ́mbà kankan kò bá gbọdọ̀ jáde lẹ́ẹ̀mejì, ó di 10 × 9 × 8 × 7, ìyẹn 5,040. Ẹ rí i pé a kò tíì dárúkọ fọ́múlà kankan.

Àpẹẹrẹ tó jinlẹ̀ ju PIN lọ wà nínú àṣà wa. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ babaláwo ní ìlàjì èso mẹ́jọ, mẹ́rin ní apá ọ̀tún, mẹ́rin ní apá òsì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí ojú sókè tàbí kó dojú délẹ̀, ìyẹn ọ̀nà méjì. Apá kan ṣoṣo lè jáde ní ọ̀nà 2 × 2 × 2 × 2, èyí tó jẹ́ 16, láti orí Ogbè títí dé Òfún. Tí a bá wá so apá méjèèjì pọ̀, 16 × 16 ni, 256 sì ni odù Ifá, ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní Cuba. Nínú 256 yìí, ibi tí apá méjèèjì ti jọra, bí Ogbè Méjì àti Ọ̀yẹ̀kú Méjì, jẹ́ 16, àwọn ni ojú odù. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ jẹ́ 16 × 15, èyí tí í ṣe 240. Kí ló dé tí kì í ṣe 120? Nítorí ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ogbè ní ọ̀tún pẹ̀lú Ọ̀yẹ̀kú ní òsì kì í ṣe odù kan náà pẹ̀lú Ọ̀yẹ̀kú ní ọ̀tún àti Ogbè ní òsì, ẹsẹ̀ tí wọ́n ń kì nínú wọn sì yàtọ̀. Ètò ṣe pàtàkì níbẹ̀. Ibi tí ètò bá ti ṣe pàtàkì, permutation là ń ṣe.

Ẹ wá gbé ẹgbẹ́ ènìyàn mẹ́wàá kan yẹ̀ wò. Wọ́n fẹ́ yan alága, akọ̀wé àti akápò. Ẹni mẹ́wàá ló lè jẹ́ alága, mẹ́sàn-án ló kù fún akọ̀wé, mẹ́jọ fún akápò: 10 × 9 × 8 = 720. Ká ní ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ yàn, tí kò sí oyè láàárín wọn, 720 ti pọ̀ jù. Ẹni mẹ́ta kan náà ti jáde nínú rẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́fà, nítorí ọ̀nà mẹ́fà ni ènìyàn mẹ́ta lè gbà pín oyè mẹ́ta. A ó pín 720 sí 6, a ó rí 120. Combination nìyẹn. Kò ju pé kí a kọ́kọ́ kà bíi pé ètò ṣe pàtàkì, kí a wá fi iye ìgbà tí a ka ohun kan náà pín in. Nínú ìdánwò, ẹ bi ara yín pé: bí mo bá pààrọ̀ àyè àwọn méjì nínú ohun tí mo yàn, ṣé ohun mìíràn ni mo ní lọ́wọ́? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, permutation. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, combination.

Àwọn bàbá wa tó ń ta lọ́tò ti mọ èyí tipẹ́. Nínú lọ́tò tí wọ́n ti ń mú nọ́mbà 5 jáde nínú 90, ẹni tó bá "perm" nọ́mbà márùn-ún ní méjì-méjì mọ̀ pé láìnì mẹ́wàá lòun máa san owó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí fọ́múlà rí. 5 × 4 pín sí 2 ni. Àwọn onílọ́tò ń pè é ní perm, àmọ́ combination ni wọ́n ń ṣe, nítorí 17 àti 42 kò yàtọ̀ sí 42 àti 17. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti ibẹ̀ wọ kíláàsì ní láti ṣọ́ra.

Ọ̀nà méjì kì í ṣe ìdajì-ìdajì

Ìṣeéṣe rọrùn láti sọ: iye ọ̀nà tí ohun tí a ń fẹ́ lè gbà ṣẹlẹ̀, ká pín in sí iye gbogbo ọ̀nà tó wà. Majẹ̀mú kan wà níbẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń fò dá: gbogbo ọ̀nà náà gbọ́dọ̀ ní agbára kan náà láti ṣẹlẹ̀. "Yálà mo yege tàbí mi ò yege, fífítì-fífítì ni." Rárá o. Ọ̀nà méjì ni lóòótọ́, àmọ́ kò sí ohun tó sọ pé wọ́n dọ́gba. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ tí a mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan náà rí bẹ́ẹ̀. Mo lè kà pé odù 256 ló wà, kò sì sí iyèméjì níbẹ̀. Àmọ́ kíka nìkan kò fún mi lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ìṣeéṣe odù kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1/256, nítorí bí èso kan ṣe ń ṣubú wà lọ́wọ́ ìrísí rẹ̀ àti ìwúwo ẹ̀yìn rẹ̀. Kíka ń sọ iye tó wà fún wa, ìwọ̀n wọn gba ẹ̀rí tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìdọ́gba yìí náà ló wà nídìí AS àti AS. Bàbá lè fún ọmọ ní A tàbí S, ìyá bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ọ̀nà mẹ́rin tó dọ́gba ló wà: A láti ọ̀dọ̀ bàbá àti A láti ọ̀dọ̀ ìyá, A àti S, S àti A, S àti S. Ọ̀kan nínú mẹ́rin jẹ́ AA, méjì jẹ́ AS, ọ̀kan jẹ́ SS. Àwọn tó ń sọ pé "AA, AS, SS, ọ̀nà mẹ́ta ni, nítorí náà 1/3 ni" ti gbàgbé pé AS ní ẹnu ọ̀nà méjì.

1/4 yìí kì í ṣe ìpín ọmọ mẹ́rin. Inú oyún kọ̀ọ̀kan ló wà. Ara kò ní ìwé tó ń kọ iye ọmọ tó ti wá sáyé sí. Ẹ jẹ́ ká wá kà á fún tọkọtaya tó fẹ́ bí ọmọ mẹ́rin. Oyún kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà mẹ́rin tó dọ́gba, nítorí náà oyún mẹ́rin ní 4 × 4 × 4 × 4, èyí tí í ṣe 256. (Nọ́mbà odù Ifá ló tún jáde yìí, àmọ́ ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni.) Kí ọmọ kankan má jẹ́ SS, ọ̀nà mẹ́ta ló wà fún oyún kọ̀ọ̀kan: 3 × 3 × 3 × 3 = 81. Kí ẹyọ ọmọ kan péré jẹ́ SS, ó lè jẹ́ èyíkéyìí nínú mẹ́rin, nítorí náà 4 × 3 × 3 × 3, ọ̀nà 108 ni. Ọmọ méjì, 54. Ọmọ mẹ́ta, 12. Kí gbogbo mẹ́rin jẹ́ SS, ọ̀nà kan. Ẹ rò wọ́n pọ̀, 256 ló máa jáde. "Ọ̀kan nínú mẹ́rin" tí àwọn ènìyàn ń retí bí ẹni ń retí owó oṣù jẹ́ 108 nínú 256, nǹkan bí ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, kò tó ìdajì. Kí ó kéré tán ọmọ kan jẹ́ SS jẹ́ 256 yọ 81, ìyẹn 175, ó lé ní ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún.

Kí wá ni ká sọ fún àwọn tó ti bí mẹ́ta láìsí SS? Kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni, ìṣeéṣe pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á bọ́ jẹ́ 81/256. Lẹ́yìn tí mẹ́ta ti bọ́, ìṣeéṣe pé ẹ̀kẹrin náà á bọ́ jẹ́ 3/4. Nọ́mbà méjèèjì tọ̀nà, kò sì sí ìjà láàárín wọn, nítorí inú àpapọ̀ tó yàtọ̀ síra ni a ti kà wọ́n. Ẹni tó bá mú 81/256 lọ bá ìyá tó ti bí mẹ́ta ń dẹ́rù bà á lásán.

Ìsọdi-ìlọ́po tí mo ṣe yìí dúró lórí pé oyún kan kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èkejì. Àwa Yorùbá tí a máa ń bí ìbejì gbọ́dọ̀ rántí ibi tí èyí ti já. Ìbejì tó jọra bí ìmumu, tó jẹ́ pé ẹyin kan ló pín sí méjì, genotype kan náà ni wọ́n ní. Bí Táíwò bá jẹ́ SS, Kẹ́hìndé náà jẹ́ SS, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ṣírò 1/4 × 1/4 fún wọn. Ìbejì tó wá láti inú ẹyin méjì, tó pọ̀ jù láàárín wa, dà bí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí ọjọ́ ìbí wọn pa pọ̀. Tiwọn, ẹ lè sọ ọ́ di ìlọ́po.

"Ó kéré tán, ẹyọ kan"

Bí ìbéèrè bá ti ní gbólóhùn yìí, ẹ má ṣe ka ohun tí wọ́n bèèrè. Ẹ ka òdì rẹ̀, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo ẹ̀. Òdì "ó kéré tán, ẹyọ kan" ni "kò sí rárá", gẹ́gẹ́ bí a ṣe rí i nínú lọ́jíìkì.

Ní ilẹ̀ Faransé, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Chevalier de Méré fẹ́ràn tẹ́tẹ́ púpọ̀. Ìbéèrè rẹ̀ ló wà lára ohun tó mú kí Blaise Pascal àti Pierre de Fermat máa kọ lẹ́tà síra wọn ní 1654, inú lẹ́tà wọ̀nyẹn sì ni ìmọ̀ ìṣeéṣe ti fìdí múlẹ̀. Bí ẹ bá ju ọmọ ludo kan (dáìsì olójú mẹ́fà) lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí ni ìṣeéṣe pé ẹ ó rí 6 ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan? Ẹni tó bá rò pé 1/6 lọ́nà mẹ́rin ni, 4/6, kó bi ara rẹ̀ pé bí òun bá jù ú lẹ́ẹ̀meje ńkọ́? Ṣé 7/6 ni, tó ju ohun tó dájú lọ? Ẹ ka òdì rẹ̀: kí 6 má jáde rárá jẹ́ 5 × 5 × 5 × 5, ìyẹn 625, nínú 6 × 6 × 6 × 6, ìyẹn 1,296. Ohun tó kù jẹ́ 671 nínú 1,296, ó fi díẹ̀ ju ìdajì lọ. Tí ó bá jẹ́ ọmọ ludo méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlélógún, tí a ń wá 6 àti 6, èrò lásán máa sọ pé kò yàtọ̀, nítorí 4 sí 6 bá 24 sí 36 mu. Ìṣirò ní nǹkan bí ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ẹni tó ń fi owó rẹ̀ ta èyí yóò pàdánù ní ìkẹyìn.

Níwọ̀n bí a ti dé ìdí tẹ́tẹ́, ẹ jẹ́ ká parí ti lọ́tò. Nọ́mbà méjì nínú 90 ní ọ̀nà 90 × 89 pín sí 2, ìyẹn 4,005. Márùn-ún tó bá jáde ní méjì-méjì mẹ́wàá nínú. Ìṣeéṣe yín pé méjì tí ẹ mú á jáde jẹ́ 10 nínú 4,005, bí ọ̀kan nínú 400. Ìlọ́po 240 ni wọ́n sábà máa ń san fún un. Ká ní ẹ ń fi ₦100 ta á lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tó ń padà sọ́wọ́ yín lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi ₦60. Kò sí àlá tàbí nọ́mbà tí wọ́n rí lára mọ́tò tó lè yí ìṣirò yìí padà, ó sì máa ń dùn mí láti rí owó oúnjẹ ilé tó ń gba ibẹ̀ lọ.

Ìgbà tí a ti mọ nǹkan kan

Ibi tó rorò jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ìṣeéṣe lẹ́yìn tí ìròyìn kan ti dé, tí wọ́n ń pè ní conditional probability. Converse inú lọ́jíìkì ló tún wọ aṣọ mìíràn wá.

Mo fẹ́ lo nọ́mbà tí mo kàn mú fún àpẹẹrẹ. Ẹ jẹ́ ká ní àrùn kan ń ṣe ènìyàn 1 nínú 100. Àyẹ̀wò kan wà tó máa rí 95 mú nínú 100 àwọn tó ní àrùn náà, àmọ́ ó tún máa fẹ̀sùn kan 5 nínú 100 àwọn tí kò ní in. Àyẹ̀wò yín sọ pé ẹ ní in. Ṣé ìdá 95 ni? Ẹ gbé ènìyàn 10,000 kalẹ̀. 100 ló ní àrùn, àyẹ̀wò mú 95 nínú wọn. 9,900 ni kò ní in, àyẹ̀wò fẹ̀sùn kan 495 nínú wọn. Àwọn tí àyẹ̀wò sọ pé wọ́n ní in jẹ́ 95 àti 495, ìyẹn 590, 95 péré ló ní in lóòótọ́ nínú wọn. Ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún ni. "Nínú àwọn tó ní àrùn, mélòó ni àyẹ̀wò mú?" yàtọ̀ pátápátá sí "nínú àwọn tí àyẹ̀wò mú, mélòó ló ní àrùn?" Ohun tó wà lẹ́yìn "nínú" ló yí padà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn dókítà fi máa ń ní kí a tún àyẹ̀wò ṣe.

Ọ̀nà kan náà la ó gbà dáhùn ìbéèrè tó máa ń wáyé nínú ilé tí ọmọ kan ti jẹ́ SS. Bàbá àti ìyá jẹ́ AS. Àbúrò ẹni tó ń ṣàìsàn náà ti dàgbà, ara rẹ̀ le, àrùn náà kò ṣe é, kò tíì ṣe àyẹ̀wò genotype rí. Kí ni ìṣeéṣe pé AS ni? Ọ̀pọ̀ máa sọ pé 2/4. Nínú mẹ́rin lóòótọ́, méjì jẹ́ AS. Àmọ́ a ti mọ̀ pé kì í ṣe SS. Ọ̀nà kan ti kúrò nílẹ̀, mẹ́ta ló kù: AA, AS, SA. Méjì nínú mẹ́ta ni. Bí ó bá wá fẹ́ ẹni tó jẹ́ AS, ìṣeéṣe pé àkọ́bí wọn á jẹ́ SS jẹ́ 2/3 × 1/4, èyí tí í ṣe 1/6. Bí ó bá lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kó tó lọ mọ àna, 1/6 yẹn kò ní sí mọ́: bí èsì bá jẹ́ AA, ó di òfo, bí ó bá jẹ́ AS, ó di 1/4.